Ọ̀ọ́dúnrún Àpò Germaine

Tí ẹ bá gbé ìkòkò ẹ̀wà ka orí Azeezah lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì yẹn, ẹ̀wà á jinná, omi á gbẹ, ìdí ìkòkò á ti máa jóná kí ẹ tó rí ṣíbí tẹ́ ẹ máa fi rò ó. Kò sí àsọdùn níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò Sokoura ló rí i bó ṣe já sí títì, tó kọrí sí ọjà ńlá Bouaké, tí àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ń yà fún un bíi pé ọkọ̀ panápaná ló ń bọ̀. Ajá kan tó sùn sójú ọ̀nà dìde fúnra ẹ̀, ó ní kò burú, òun ti sùn tó. Gbogbo ohun tó sì wà lọ́wọ́ ọmọ náà kò ju àpò aṣọ kékeré kan lọ, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Kí ẹ lè mọ̀dí ẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yẹn ni yìgì Azeezah àti Nasrullah. Ẹ sì mọ bí tàwa Yorùbá ṣe rí, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ lẹ́yìn odi. Ẹ lè fi ìrẹsì bọ́ àlejò títí bọ́tìnnì ẹ̀ á fi já, ẹ lè gbé odidi itan màlúù ka iwájú ẹ̀, tí kò bá ti rí kàdó, ẹ̀bùn tí wọ́n ń pín níbi ayẹyẹ, mú relé, á ní ebi lòun jẹ lọ́jọ́ náà. Kàdó ọ̀hún kì í rìn láìlórúkọ. Ẹni tó fún wọn ní abọ́ á tẹ orúkọ ẹ̀ sí abọ́, ẹni tó fún wọn ní abẹ̀bẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ sí abẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ìyá ìyàwó ni olórí gbogbo ẹ̀. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ pín. Ilé tí kàdó ìyá ìyàwó bá wọ̀, orúkọ obìnrin yẹn ò tún jáde níbẹ̀ mọ́, á wà níbẹ̀ títí àwọn ọmọ ọmọ onílé á fi máa fi abọ́ ọ̀hún bomi fún adìyẹ.

Ta wá ni ìyá ìyàwó? Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Aaliyah ló bí Azeezah. Ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ ló kú. Ràhmán, bàbá ọmọ, tó ń ta ìṣó àti àgádágodo nínú ọjà, gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án dání, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ejò lé lọ́wọ́. Germaine ló gbà á. Ojúlé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Sokoura. Yorùbá bíi tiwọn ni Germaine, ṣùgbọ́n kìrìsítẹ́nì ni òun àti Jacques ọkọ ẹ̀, aṣọ ló ń rán, ó sì ní ọmọ tiẹ̀ lọ́wọ́, Bólúwatifẹ́, ọmọ oṣù mẹ́ta. Ó gbé Bólúwatifẹ́ sí ọmú ọ̀tún, ó gbé Azeezah sí tòsì, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n ní àwọn ọmọ méjèèjì máa ń ta ara wọn nípàá lórí àyà ẹ̀, tí ariwo wọn á jí gbogbo àdúgbò. Nígbà tí Ràhmán kó lọ sí àdúgbò Dougouba, ọmọ ò tẹ̀ lé e. Germaine ló mú un wọ ilé ìwé. Òun náà ló ń lọ híjáàbù ẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ kéwú, òun ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò tún bú u pé ó fi pẹ́.

Ẹnì kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Àlàájà Hàbíbátù, ẹ̀gbọ́n Ràhmán lóbìnrin. Òun ni olórí àwọn obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wọn, ní Bouaké, abọ́ tánńganran ló ń tà. Gèlè ẹ̀ ga débi pé ẹyẹ lè yé síbẹ̀, kó pa, kó tọ́ ọmọ ẹ̀ dàgbà, kí Àlàájà má mọ̀. Tó bá sọ̀rọ̀ ní Bouaké, wọ́n ń dáhùn ní ìlú Katiola. Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà ní gbogbo ìgbà tí Azeezah ń mu ọmú. Ìgbà tó dé, ọmọ ti ní eyín, ó ti ń sáré.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú yìgì, wọ́n jókòó ní pálọ̀ Ràhmán láti yan kàdó. Àlàájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Abọ́ tánńganran ni. Èyí tó ní ìdérí. Fọ́tò mi á wà nísàlẹ̀ ẹ̀ nínú, tí wọ́n bá lá ọbẹ̀ tán, wọ́n á rí mi."

Azeezah ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù ba àwọn àlejò wa. Ẹni tó bá rí ojú yín nísàlẹ̀ ọbẹ̀, á rò pé ẹ fẹ́ gba ẹran padà ni."

Ràhmán rẹ́rìn-ín títí fìlà ẹ̀ fi bọ́. Àlàájà ò rẹ́rìn-ín.

Germaine, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bíi pé ó wá yá iná, ló wá ní, "Mo lè rán àpò. Mo ní aṣọ."

Aṣọ kẹ̀? Àgékù aṣọ ogún ọdún ló wà nílé Germaine. Aṣọ tí àwọn Baoulé, ọmọ onílẹ̀, ń hun, òfì tí wọ́n mú wá láti ilé, gbogbo ohun tó bá kù lórí tábìlì ló ń dì pamọ́. Ó mú ọ̀kan tó ti rán jáde nínú báàgì ẹ̀: Baoulé lápá kan, òfì lápá kejì, okùn tín-ín-rín lọ́rùn. Obì gbànja kan, dàbínù mẹ́ta àti ìgò òrí kékeré kan máa wọ inú ẹ̀. Àpò náà dára débi pé Àlàájà pàápàá yí i wò lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń wá ibi tí yóò bú, kò rí i.

Wọ́n gbà. Ọ̀ọ́dúnrún àpò. Azeezah fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ohun tí wọ́n máa tẹ̀ sára aṣọ péńpé tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn: Ẹ ṣeun tí ẹ wá bá wa yọ̀. Láti ọwọ́ ìyá ìyàwó, Germaine. Ó kà á sókè. Germaine gbọ́ orúkọ ẹ̀, ó fi ìborùn bo ẹnu.

Àlàájà nawọ́. "Ẹ gbé ìwé yẹn fún mi. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀gangan ṣọ́ọ̀bù mi ló wà."

Azeezah tiẹ̀ tún kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò mọ̀. Ó wọkọ̀ padà sí Yamoussoukro níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní famasí, kò sì padà wá títí di ọjọ́ Àlàmísì yẹn.

Bó ṣe bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, kò yà sí Dougouba, Sokoura ló gbà lọ tààrà. Àpò wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àpò wà lórí àga, àpò wà lórí maṣínnì. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ máa rò pé àwọn àpò ló gba ilé, Germaine ló wá kí wọn.

"Màmá! Ẹ̀yin nìkan lẹ rán gbogbo eléyìí?"

"Ta ni ì bá bá mi rán an? Maṣínnì ni mo fi rán àpò, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo fi lẹ orúkọ mọ́ ọn. Maṣínnì ò lè ṣe é kó wù mí. Wo ìka mi."

Ìka ọ̀hún ti lu bí ajere. Tí wọ́n bá rọ omi sí i, á jò.

"Sèlíátù alálùbọ́sà rí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kà á, ó ní orúkọ mi jókòó dáadáa. Clarisse aláṣọ náà kà á fún mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹnu tìẹ gan-an ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Gbà, kà á."

Azeezah gba àpò. Ó wò ó. Láti ọwọ́ ìyá ìyàwó, Àlàájà Hàbíbátù. Ó mú òmíì. Àlàájà Hàbíbátù. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn maṣínnì, ó mú òmíì níbẹ̀. Hàbíbátù. Ojú rírán ọ̀hún kéré, ó tò bí ìrẹsì tí wọ́n ṣà, ojú mẹ́rìnlélógún yí orúkọ obìnrin yẹn ká, ọ̀ọ́dúnrún ìgbà, láti ọwọ́ ẹni tí wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ dànù. Ohun kan gbéra láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ Azeezah, ó gba ikùn, ó dé etí, etí ń hó.

"Kí ló dé? Ṣé kò hàn dáadáa ni?"

"Ó hàn, Màmá." Ó fi àtàǹpàkò bo orúkọ náà. "Láti ọwọ́ ìyá ìyàwó, Germaine."

Germaine rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìró nu ojú. "Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Ẹ jẹ́ n mú ọ̀kan yìí lọ fi han bàbá mi," ó wí. Kí Germaine tó dáhùn, ó ti bọ́ sí ìta. Bí ó ṣe di ẹni tí ọkọ̀ panápaná kò lè lé bá nìyẹn.

Nígbà tó fi máa dé ọjà, òógùn ti sọ híjáàbù ẹ̀ di aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Àlàájà wà láàárín abọ́, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ìyàwó! Ìyàwó wa ti dé! Wo bó ṣe..."

Azeezah ju àpò sórí itan ẹ̀. "Àlàájà, kí lẹ kọ síbẹ̀?"

Àlàájà kò wò ó. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ. "Ṣé ìwọ ò lè kí èèyàn ni?"

"Ẹ káàsán. Kí lẹ kọ síbẹ̀?"

"Orúkọ ìyá ìyàwó ni. Ọmọ ilé wa ni ẹ́. Àlejò ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn Alfa ń bọ̀ láti Abidjan. Kí wọ́n gba àpò, kí wọ́n wá bá Germaine lára ẹ̀? Wọ́n á ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì la gbé fún Nasrullah."

"Nígbà tí mò ń ké fún ọmú, ta ló bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ?"

"Kò sẹ́ni tó ní kò ṣe dáadáa. A máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, a máa fún un ní aṣọ. Ṣùgbọ́n ọmú ò sọ èèyàn dìyá."

Azeezah bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní adùn kankan nínú. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù méjì na ọrùn wá.

"Ẹ tún un sọ, kí ọjà gbọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí ẹ bá èmi àti Bólúwatifẹ́ níbi tá a ti ń jẹ dòdò, tí ẹ rò pé a ń fẹ́ra wa, kí lẹ pariwo? Ẹ ní háráàmù! Ẹ ní ọmú kan náà la mu, ẹ ní ìyá kan ló ni wá, ẹ̀gbọ́n òun àbúrò ni wá. Ẹ pe Alfa, Alfa ní òótọ́ lẹ sọ, ọmú ń sọ èèyàn di ìyá. Ọmú ọjọ́ yẹn dà, Àlàájà? Ó ti kan ni?"

Ẹ̀rín sọ ní ìlà àwọn aláṣọ. Bàbá kan, ọmọ ẹ̀yà Dioula, tó ń ta kẹ́tùlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ béèrè ohun táwọn Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, ń jà lé lórí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmú ni. Ó yára kó kẹ́tùlù ẹ̀ wọlé.

Ojú Àlàájà le. Ó fa ohùn ẹ̀ wálẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí ní Bouaké.

"Gbọ́. Germaine ò mọ̀wé. Kò lè mọ̀ láéláé. Inú ẹ̀ ń dùn bó ṣe wà yẹn. Sèlíátù rí i, ó dákẹ́. Clarisse rí i, ó dákẹ́. Bàbá rẹ rí i, ó dákẹ́. Gbogbo wa là ń ṣàánú ẹ̀. Ìwọ nìkan lo fẹ́ lọ bà á nínú jẹ́."

"Bàbá mi mọ̀?"

Ràhmán kúkú ti ń bọ̀, ariwo ti pè é láti ìlà àwọn onírin. Àgádágodo kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń fi aṣọ nù, ó sì ń nù ún lọ bíi pé wọ́n máa fi wọ Párádísè.

"Bàbá, ẹ mọ̀?"

"Azeezah, ọjọ́ Àìkú ò jìnnà mọ́. Jẹ́ kó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí ni mo fẹ́ ṣe?"

Inú tó ń bí Azeezah tẹ́lẹ̀, eré ọmọdé ni. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, ó na ìka.

"Ìwọ Hàbíbátù, ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́?"

Ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ní àlùbọ́sà tó ń já bọ́ láti orí àtẹ ẹnì kan dúró lófuurufú, ó ń wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kí ọmọ pe Àlàájà ní "ìwọ"? Olórí àwọn obìnrin?

Àlàájà ò pariwo. Ó wo Azeezah láti òkè délẹ̀, ó wo àpò, ó tún wo Azeezah.

"O ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ bọ̀, àbí? Ó máa ní kó o kà á fún òun. Gbogbo èèyàn ló ń ní kó kà á. Kí lo kà fún un?"

Azeezah yára mú àpò kúrò lórí itan ẹ̀.

"Ẹn-ẹn," Àlàájà ní. Ó ṣíjú kúrò, ó ju ẹ̀pà sẹ́nu. "Ìwọ náà ti wọ ẹgbẹ́ wa. Lọ sílé, kí wọ́n lọ kun làálì sí ẹ lẹ́sẹ̀."

Bó ṣe ń padà lọ sí Sokoura, kò sáré mọ́. Ìbínú wà lára ẹ̀ síbẹ̀, ó ti pọ̀ sí i ni, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó máa bu ú lé mọ́. Ó bá Germaine nílẹ̀, ó ń ka dàbínù sínú àpò ní mẹ́ta mẹ́ta.

"Kí ni bàbá rẹ wí?"

"Màmá, orúkọ yín kọ́ ló wà níbẹ̀."

Germaine ju dàbínù kan sínú àpò. "Orúkọ ta ni?"

"Àlàájà Hàbíbátù. Gbogbo ẹ̀. Òun ló pààrọ̀ ìwé tí mo kọ."

Germaine gbé àpò náà sójú, ó wo aṣọ péńpé ara ẹ̀ pẹ́. Ó fi ìka rẹ́ ẹ kọjá. Azeezah ń retí kó pariwo. Ó ti gbáradì láti di í mú, kó bá a sunkún, kí àwọn méjèèjì jọ ṣépè fún Àlàájà dé ìran keje.

"Mo ní kó o kà á," Germaine ní, "o sì kà á. Mo ní kó o tún un kà. O tún un kà."

"Mi ò fẹ́ kí inú yín bàjẹ́ ni, Màmá."

"Dákẹ́." Ó dìde. Germaine kì í ga, àmọ́ lọ́jọ́ náà orí ẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan páànù. "Hàbíbátù ò sọ fún mi rí pé òun fẹ́ràn mi. Mo mọ̀ ọ́n. Sèlíátù, ọ̀rẹ́ ọjà ni. Clarisse, òun àti Ọlọ́run ẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Èmi tí mi ò mọ 'A', mo rán ẹ lọ sílé ìwé kó o lè máa kàwé fún mi. Ìwé yẹn náà lo wá fi tàn mí jẹ, lójú mi, nínú ilé mi, lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ti fún ẹ lọ́mú. Gbogbo ọjà mọ̀ pé mò ń fi ọwọ́ ara mi rán orúkọ ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mò ń gbé e kiri, mò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wò mí! O wá dé, o dara pọ̀ mọ́ wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tú wọn. Mo lè tú gbogbo ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Má fọwọ́ kan àpò mi." Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Máa lọ sí Dougouba, kó o lọ sùn nílé bàbá rẹ. Láàárọ̀ ọ̀la, aago mẹ́jọ, kó o wà níbí. O máa kàwé fún mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Azeezah dé, Germaine ti wọ aṣọ Ọdún Àjíǹde, ó ti wé gèlè. Ó ti kó ọ̀ọ́dúnrún àpò sínú àpò ìrẹsì ńlá méjì, ó kó wọn lé ọmọlanke tó yá lọ́wọ́ ẹnì kan. Kò kí Azeezah. Ó kàn tọ́ka sí ọmọlanke.

"Tì í."

Báyìí ni ìyàwó ojú ọ̀nà, tí làálì ò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ṣe ti ọmọlanke la Bouaké já. Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ń fun fèrè, wọ́n ń béèrè bóyá ọkọ ló wà nínú àpò. Germaine ń lọ níwájú, kò wẹ̀yìn.

Ìdí àtẹ àlùbọ́sà Sèlíátù ni wọ́n kọ́kọ́ dúró sí.

"Azeezah, kà á. Bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an."

Azeezah kà á. Láti ọwọ́ ìyá ìyàwó, Àlàájà Hàbíbátù.

"Sèlíátù, kí lo kà fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"

Sèlíátù wo àlùbọ́sà. "Ìyá Bólú, ẹ ò rí i, ojú ń dùn mí lọ́jọ́ náà. Mi ò kúkú gbọ́ ìwé Yorùbá dáadáa, Faransé ni wọ́n kọ́ wa."

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè o gbọ́ ọ. O tiẹ̀ ní orúkọ mi jókòó dáadáa. Azeezah, ká lọ."

Ṣọ́ọ̀bù Clarisse, tó ń ta aṣọ, ló kàn. Azeezah kà á. Clarisse ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún kó tó kà á tán.

"Arábìnrin Germaine, àánú yín ló ṣe mí. Ọlọ́run ló mọ̀."

"Ọlọ́run mọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ lo ti pa irọ́ ọ̀hún. Ta ló ní kó o ṣàánú mi? Ìwé ni mo ní kó o kà. Nu ojú rẹ, oníbàárà ń wò ẹ́."

Nígbà tí wọ́n máa fi yà sí ìlà àwọn alábọ́, èrò tó tẹ̀ lé wọn ti pọ̀ débi pé ẹni tó dé gbẹ̀yìn rò pé wọ́n ti ń pín nǹkan. Gbogbo ìgbà tí Azeezah bá kà á ni orúkọ yẹn ń jó o lẹ́nu. Ó fẹ́ kí Germaine wo òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Germaine ò wò ó.

Àlàájà rí wọn ní òkèèrè. Ó dìde, ó tún jókòó. Germaine wọlé, ó da bàsíà ńlá kan dé, ó jókòó lé e.

"Àlàájà, ẹ kú ọjà. Azeezah, kà á. Sókè."

Azeezah kà á. Ó pariwo ẹ̀ débi pé àwọn tó ń kírun ní ìlú Korhogo lọ́hùn-ún dá a dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Àlàájà rọra ní, "Ìyá Bólú, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí kọ̀rọ̀ sọ ọ́."

"Kọ̀rọ̀ lẹ ti ṣe é. Ìta la ti máa tún un ṣe." Germaine tú ìdí ìró ẹ̀, ó mú abẹ kan jáde tó ṣì wà nínú bébà. "Mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ bí wọ́n ṣe ń tú aṣọ. Orúkọ yín nìyẹn. Ẹ tú u kúrò lára iṣẹ́ mi. Ẹ má ya á o. Tí ẹ bá ya òfì mi, Ògbómọ̀ṣọ́ á gbọ́."

"Èmi? Kí n jókòó sójú ọjà máa tú òwú? Ràhmán! Ràhmán, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Ràhmán ti wà láàárín èrò tipẹ́, ó ti wọ aṣọ Jímọ̀. Germaine yíjú sí i.

"Ràhmán, jẹ́ n sọ fún ẹ lójúkojú. Tí ẹ bá ní èmi kì í ṣe ìyá, ó tán. Mi ò ní í dé ibi yìgì. Èmi àti àpò mi ń padà sí Sokoura."

"Èmi náà ò ní í lọ," Azeezah ní.

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀," Germaine dá a lóhùn, kò tiẹ̀ wò ó.

Ràhmán ṣí fìlà, ó dé e padà. Ó wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹni tó ti ń pàṣẹ fún un láti ìgbà tó ti ń ra, ẹni tó yan ilé fún un, tó yan orúkọ ṣọ́ọ̀bù fún un, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yan ẹsẹ̀ tó máa kọ́kọ́ gbé fún un. Itọ́ tó gbé mì lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní ìlà àwọn elẹ́ja.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ tú u."

Gbogbo ọjà ló ń wo Àlàájà. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí ẹni tó máa bá a sọ ọ́. Ó nawọ́ gba abẹ. Ó gé ojú rírán kan, ó gé ìkejì, ó pẹ́ kí aṣọ péńpé ọ̀hún tó bọ́ sílẹ̀ lórí itan ẹ̀. Germaine gba àpò náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó.

"Ó ku ọ̀ọ́dúnrún dín kan."

"Màmá," Azeezah ní, ohùn ẹ̀ ti fẹ́ máa dùn, "ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ wà níwájú ibí, kí n sáré lọ bá a kó tẹ orúkọ yín?"

"Mi ò fẹ́ ìwé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ ìyá ìyàwó, mo máa wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Àìkú, kó bi mí."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Azeezah rẹ́rìn-ín, ó súnmọ́ ọn, ó fẹ́ jókòó sí ẹsẹ̀ ẹ̀. Germaine tún tú ìdí ìró, ó mú abẹ kejì jáde.

"Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Ìwọ ò kà á ni? Lọ jókòó tì í."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó àti ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, orúnkún kan orúnkún, láàárín abọ́ tánńganran, kálukú ń gé òwú. Àlàájà ní kí Azeezah sún. Azeezah ní òun ò sún, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sún. Àlàájà ní àbí ìwọ tún fẹ́ pè mí ní ìwọ. Azeezah ní tó bá gba bẹ́ẹ̀.

Germaine mú àpò tí Azeezah ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ó yí i po, ó jù ú padà sí i lẹ́sẹ̀.

"Òwú ṣì wà lára ẹ̀."